Àmín Tí Mo Ṣe Lẹ́yìn Gíláàsì

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Thamesmead níbí ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, kí àwọn lè fi mọ èyí tí àwọn máa yàn. Mo ní mi ò lè wá dúró níwájú èrò, eékún ń dùn mí, mo máa kọ ọ́. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ lè sọ pé ta ló ní kí bàbá yìí wá ba ọjọ́ wa jẹ́. Ẹ má bínú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú, ẹ̀yìn ni mo sì ń wò láti oṣù tó kọjá.

Mùsílíù lorúkọ mi, ọmọ Ìbàdàn. Rédíò ni mo ń tún ṣe nílé kí n tó wá sí London. Nígbà tí mo dé, mo nu ilẹ̀, mo ru ẹrù, mo ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé onílé, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é. Bí mo ṣe di ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀ nínú. Mo tún rédíò inú ọkọ̀ ọkùnrin kan ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè Woolwich Arsenal, ó wo ọwọ́ mi títí, ó ní kí n wá bá òun lọ́jọ́ Ajé. Owó tó ń san kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Fọlárìn, ará Abẹ́òkúta. Sítúdíò rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Yàrá méjì péré ni: ọ̀kan fún ẹni tó ń kọrin, ọ̀kan fún àwa àti ẹ̀rọ, gíláàsì tó nípọn sì wà láàárín. Òórùn ẹja yẹn kò kúrò lára ẹ̀wù mi fún ọdún mọ́kànlá. Akọrin ìjọ, oníwàásù, oníwákà, àwọn àáfáà, gbogbo ẹni tó bá rò pé òun ní ohùn láti Plumstead títí dé Abbey Wood ló gun àkàsọ̀ yẹn.

Ọ̀gá le. Kì í na èèyàn, kì í bú èèyàn, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Wáyà ni mo ń ká. Ó ní wáyà mọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ká òun, kí n má fi agbára yí i. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," òun nìyẹn láàárọ̀, òun nìyẹn lálẹ́. Bó bá rí kókó kan ṣoṣo, á tú gbogbo rẹ̀ ká sílẹ̀, á ní kí n tún un ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bínú nígbà yẹn. Títí di òní, mi ò lè rí okùn tó lọ́ nílẹ̀ kí n má bẹ̀rẹ̀ gbé e.

Ẹ̀rọ tí a ń lò, ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n. Ó jọ fídíò tí àwọn òbí yín fi ń wo fíìmù, irú téèpù tí fídíò ń lò náà ló ń lò. Ṣùgbọ́n kì í gba àwòrán, ohùn nìkan ló ń gbà, nọ́ńbà ló sì fi ń kọ ohùn náà sílẹ̀, bí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà mẹ́jọ ló wà lórí téèpù kan. Akọrin lè wà ní ọ̀nà kan, gìtá ní òmíràn, ìlù ní òmíràn, ìkan ò ní fara kan ìkan. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀nà mẹ́rin tí Ọ̀gá ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń hó ṣìì lábẹ́ orin. Ti tuntun yìí kì í hó. Bí kò bá sí ohùn níbẹ̀, kò sí nǹkankan níbẹ̀ rárá. Wọ́n sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, Ọ̀gá fi etí rẹ̀ kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní èèwọ̀. O ò lè ki téèpù tuntun bọ̀ ọ́ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn lójú ẹsẹ̀. Téèpù náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lófìfo, kí ẹ̀rọ fi àmì aago sára rẹ̀, tí ohùn á fi mọ ibi tó máa jókòó sí. Téèpù ogójì ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú gan-an lo máa fi dúró tì í. Ebè kíkọ ni Ọ̀gá ń pe iṣẹ́ yìí. Ó ní ta ló ń gbin iṣu sórí ilẹ̀ tí kò kọ ebè sí? Ibi tí àmì bá pin sí ni ẹ̀rọ máa dúró, bí o bá tiẹ̀ ń sunkún. Ìwé ẹ̀rọ náà sọ pé èèyàn lè kọ ebè kó sì gba ohùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kà á léèwọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tó bá kùnà, ebè àti iṣu ló máa jọ lọ. Nítorí náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, èmi ni mo ń kọ ebè sílẹ̀, téèpù mẹ́fà, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ṣáájú mi dá ebè dúró lágbedeméjì lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀gá ní kó máa lọ sílé ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì tó kọ́ mi ló burú jù. Akọrin ìjọ kan ń kọrin lọ́jọ́ kan, orin náà wọ̀ mí lára, mo ń mi orí. Ọ̀gá pa ẹ̀rọ. Ó bi mí pé ariwo wo ló wọlé nígbà tí obìnrin kejì mí sínú. Mi ò gbọ́ ariwo kankan. Ó dá téèpù padà, ó gbé e sí mi létí: bọ́ọ̀sì ló fọn fèrè nísàlẹ̀. Ó wá wò mí.

"Mùsílíù, má gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ni orin ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìwọ, ohùn ni kí o gbọ́."

Mo kọ́ ọ. Ó gbà mí tó ọdún méjì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n dé ibi pé ìwàásù wákàtí kan á kọjá létí mi, mi ò ní mọ̀ bóyá ọ̀run rere ni tàbí ọ̀run àpáàdì. Ohun tí mo máa mọ̀ ni pé oníwàásù ní àlàfo láàárín eyín, pé àga rẹ̀ ń dún, pé ó yí orí kúrò lẹ́nu makirofóònù lẹ́ẹ̀mejìlá. Mo máa ń fi í yangàn fún àwọn èèyàn. Òmùgọ̀ ni mí, mo rò pé ọgbọ́n ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìsẹ́yìn.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Rónkẹ́, wọ́dà ni ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, Thamesmead níbí ló sì ń gbé. Ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ló ń kọ́ àwọn ọmọge àdúgbò wọn ní ẹkún ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹkún tí ọmọge máa ń fi orin sun ni, lórí ìkúnlẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ. Á dágbére fún ìyá, á dágbére fún bàbá, á bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n súre fún òun. Ìyá á wá ní kó dìde, á súre. Ẹkún tí kò ní ìre nídìí, kò tíì parí.

Rónkẹ́ ní tirẹ̀ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní Woolwich, wọ́n jẹun, ó parí. Kò ránṣẹ́ sílé títí ọ̀sẹ̀ méjì fi kọjá. Ìyá tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún, ọmọ tirẹ̀ lọ sílé ọkọ láìsunkún. Ọdún mẹ́sàn-án ni màmá kò fi bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí, ó gbà láti wá sí London. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀. Màmá fúnra rẹ̀ ló wá ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ní òun á sun ẹkún tí Rónkẹ́ kò sun. Bí òun bá sun ún tán tí inú òun bá yọ́, òun á dá a lóhùn, òun á súre. Bí inú òun ò bá yọ́, ẹkún lásán ni Rónkẹ́ máa bá níbẹ̀. Kó má sì gbọ́ ọ títí òun á fi padà sílé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n wá. Ọ̀gá lọ ṣàyẹ̀wò ojú rẹ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Akọrin kan ti lo gbogbo téèpù tí mo kọ ebè rẹ̀ tán lọ́jọ́ Àìkú, mo ní màá kọ ọ̀kan kí màmá tó dé. Aago méjìlá la fi àdéhùn sí. Aago mọ́kànlá ni Rónkẹ́ já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti aṣọ iṣẹ́, ó sáré lọ síbi iṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún màmá, mo fún un ní àga, mo ki téèpù bọ ẹ̀rọ.

Màmá gbé àpò sórí itan, ó ń wò mí. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó bi mí pé kí là ń dúró dè, mo ní ẹ̀rọ là ń dúró dè. Ó ní ṣé ẹ̀rọ ló ń dá àgbà dúró nílùú yìí? Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo bi í pé, màmá, báwo ni ohun tí ẹ fẹ́ sọ ṣe máa gùn tó? Ó ní kò ní pẹ́.

Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, mo dá ebè dúró.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbàlagbà tó bá sọ fún yín pé kò ní pẹ́, ẹ lọ wá ibi jókòó sí. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Kí ló ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè sọ.

Màmá wọ yàrá akọrin, ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ nítorí ariwo, ó dúró níwájú makirofóònù, ó pa ojú dé. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn arúgbó. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ń sunkún nínú yàrá yẹn. Ó ń dágbére fún ẹnu ọ̀nà, ó ń dágbére fún ìkòkò omi, ó ń bẹ ìyá pé òun ò mọ̀ ọ́n rìn, kó má jẹ̀ẹ́ kí òun lọ lọ́wọ́ òfo. Ìyẹn mo mọ̀ nítorí ó wà lórí téèpù, mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn ni mo ń gbọ́. Mo ń ṣọ́ bó ṣe ń mí.

Ẹkún parí. Màmá la ojú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi ohùn ara rẹ̀, ohùn ìyá, pe oríkì Rónkẹ́: "Àṣàbí, dìde nílẹ̀." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, iná pupa tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ń gba ohùn kú. Ogún ìṣẹ́jú ti pé. Ẹ̀rọ dúró.

Màmá ò mọ̀. Ó ń súre lọ.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò kan gíláàsì. Òyìnbó ì bá ti kàn án. Èmi, ọmọ Ìbàdàn, ìyá ń súre fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, kí n wá gé ìre mọ́ ọn lẹ́nu? Nílé wa, bí àgbà bá ń súre, àmín lọmọdé ń ṣe. Mo la ọwọ́ lẹ́yìn gíláàsì, mo ń ṣe àmín. Ojú mi wà lára iná tó kú. Mo wo iná, mo wo aago ara ògiri, mo ń ronú pé Ọ̀gá máa lé mi lónìí, níbo ni mo máa wọlé sí? Mo ṣe àmín, mo tún ṣe àmín. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ríran lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ràn.

Màmá parí, ó fi gèlè nu ojú, ó wá sọ́dọ̀ mi. Ó bi mí pé, "Ṣé ó wọlé?"

Mo ní, "Ó wọlé, mà."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo fẹ́ lọ sọ òótọ́ fún un lọ́jọ́ kejì. Mo dé ìsàlẹ̀ ilé wọn, mo yí padà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ bàálù lọ.

Mo ṣe kásẹ́ẹ̀tì fún Rónkẹ́ láti ara téèpù náà. Ohun tí mo ṣe síbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí mo bá jẹ́ kó dún bó ṣe wà, á gé gbì lẹ́yìn "Àṣàbí, dìde nílẹ̀", gbogbo ayé á mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, mo rọra fa ohùn náà wálẹ̀ níbi tí ẹkún ti parí, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kú bí ẹni pé màmá fúnra rẹ̀ ló dákẹ́. Mo yọ ìpè yẹn kúrò pátápátá. Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó gbọ́ ọ, kò mọ nǹkankan, ó ní ọwọ́ mi ti ń dán. Ọdún márùn-ún tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dé ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tó yìn mí. Mo gbé téèpù náà lọ sílé mi, mo fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyókù iṣẹ́ ayé mi kò gbà mí ní ìlà púpọ̀. Kọ̀ǹpútà dé, kò sí ebè tí ẹnikẹ́ni ń kọ mọ́, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó ti ń gbà. Ọ̀gá kọ̀ ọ́, ó ní ẹrú ọ̀lẹ ni. Àwọn akọrin lọ síbòmíràn. Orí ẹ̀rọ wa, ibi tó fi ń ka téèpù, jẹ, a ò rí ẹni tó máa tún un ṣe. Ọ̀gá kú, mo bá wọn gbé e dé itẹ́ òkú, mo gbé ẹ̀rọ wa lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ń ṣe èékánná báyìí níbi tí a ti ń kọ ebè. Mo lọ ń jókòó sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní gbọ̀ngàn ìnáwó, títí ó fi di pé ọmọ ilé ìwé kan àti fóònù rẹ̀ ń ṣe ohun tí mo fi ayé mi kọ́. Mo fẹ̀yìn tì. Téèpù tó wà nílé mi, ara wọn ń ṣí bí ara àlàpà. Mi ò rí ohun tí mo lè nawọ́ sí pé èyí ni mo ṣe.

Oṣù tó kọjá, ẹnìkan kanlẹ̀kùn mi ní ọ̀sán. Rónkẹ́ ni. Ó ti fi iṣẹ́ wọ́dà sílẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣègbéyàwó, ọmọ náà ló sì ní òun fẹ́ kí wọ́n gbé ẹkún màmá àgbà sí i lọ́jọ́ náà. Rónkẹ́ ní òun ò lè gbé ẹkún tí kò ní ìre sí ọmọ òun lórí. Ó ní, nígbà tí òun gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tí kò bá ìre níbẹ̀, ó dun òun débi pé òun ò pe màmá mọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, màmá kú. Níbi ìsìnkú ni àbúrò rẹ̀ ti sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni màmá ń béèrè bóyá Rónkẹ́ pè. Rónkẹ́ rò pé ẹ̀bẹ̀ ni màmá ń retí.

Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ ni mo mọ ohun tí màmá ń retí. Ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ pè é, kó ṣe àmín.

"Uncle," ó ní, "ṣé kò sí nǹkan mìíràn lórí téèpù ńlá? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo fa ẹ̀rọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo nu orí rẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run. Ó ṣiṣẹ́. A jókòó, a gbọ́ ẹkún náà pé, ogún ìṣẹ́jú. Ní ìparí, ó gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí: "Àṣàbí, dìde nílẹ̀." Lẹ́yìn náà, òfìfo.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un: ebè tí mo dá dúró, iná tó kú, ohùn tí mo rọra fà wálẹ̀. Mo rò pé á gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Kò tiẹ̀ dà bí ẹni pé ó gbọ́ ìyẹn.

"Kí ló sọ tẹ̀lé e, Uncle?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni. Mo ní ohùn màmá lọ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sún mọ́ makirofóònù jù níparí.

"Mi ò bi yín léèrè ohùn. Ọ̀rọ̀ wo ló sọ? Ẹ sọ ẹyọ kan péré fún mi."

Mo wá a. Ọlọ́run mọ̀ pé mo wá a. Iná pupa ni mo rí, aago ara ògiri ni mo rí.

"Àmín ni mo rántí," mo ní. "Àmín tí èmi ń ṣe."

Nígbà tó yá, ó ní kí n dá téèpù padà díẹ̀, síbi tí ẹkún ti ń parí. Kó tó dún, ó rọra kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tẹ orí ba bí ìyàwó. Ohùn màmá jáde, ó ní, "Àṣàbí, dìde nílẹ̀." Téèpù dákẹ́. Rónkẹ́ kò dìde. Ó wà níbẹ̀, ó ń dúró de ìyókù, èmi náà sì ti la ọwọ́ méjèèjì láìmọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Kò sí ohun tí mo máa ṣe àmín sí.